Iṣẹ́ Olùkọ́ Nígbà tí Ilé-ẹ̀kọ́ Wà ní Títì

Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni Ìjọba Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà nítorí àrùn Kòrónà. Láìpẹ́, ọ̀pọ̀ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifóònù alágbèéká ṣe pátákó. Àwọn òbí kan rò pé ìsinmi ni èyí jẹ́ fún olùkọ́. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ bí iṣẹ́ náà ti rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ èdè Yorùbá ní Iníṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ṣe àpẹẹrẹ. Nínú kíláàsì, ojú àwọn ọmọ ni ó ń wò tí ó fi ń mọ ibi tí ẹ̀kọ́ kò ti yé wọn. Nígbà tí ó bá ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní láti ro gbogbo ìbéèrè wọn ṣáájú, kí ó sì gé ẹ̀kọ́ náà sí wẹ́wẹ́, nítorí pé ohùn tí ó bá gùn a máa jẹ dátà púpọ̀.

Àmì ohùn ni ó nira jù. Ṣọ́ọ̀kì kò ní wàhálà pẹ̀lú ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀. Ṣùgbọ́n lórí tẹlifóònù tí kò ní lẹ́tà Yorùbá, “owo” ni gbogbo wọn ń jẹ́, àti owó àti òwò pẹ̀lú. Báwo ni ọmọ tí ó wà nílé yóò ṣe mọ èyí tí olùkọ́ ń wí? Ó sàn kí olùkọ́ kọ ẹ̀kọ́ náà sínú ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀ ní ojúmọmọ, láìjẹ́ kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ bò ó. (Ẹni tí ó bá rò pé èyí rọrùn, kí ó dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ tí iná kò sí.)

Lẹ́yìn èyí, tẹlifóònù tí ọmọ yóò lò ti bá ìyá lọ sí ọjà Ìkìrun tàbí kí ó ti bá bàbá lọ sí oko. Ó di alẹ́ kí ó tó kan ọmọ. Nítorí náà, iṣẹ́ àṣetiléwá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ lè ṣe sínú ìwé láìtún ṣí tẹlifóònù.

Kíkọ́ni láti òkèèrè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí WNTV ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ètò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kíláàsì ni àwọn ọmọ ti ń wò ó, olùkọ́ wọn sì wà níbẹ̀ láti dáhùn.

Àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn padà ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ìdánwò WAEC sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Ọjọ́ mẹ́tàlá péré ni olùkọ́ ní láti fi wá ohun tí kò yé wọn ní oṣù mẹ́rin tí kò fi rí ojú wọn.