King Tubby, ọba tó fi bọ́tìnì kọrin, ìbọn ló gbẹ̀mí ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀!

Ọkùnrin kan wà ní Jàmáíkà tí kì í lu ìlù, tí kì í ta gìtá, síbẹ̀ tí wọ́n ń pè lọ́ba orin. King Tubby ni. Osbourne Ruddock gan-an lorúkọ ẹ̀, ọdún 1941 ni wọ́n bí i ní Kingston.

Rédíò ló ń tún ṣe. Lásìkò yẹn, àwo orin làwọn mẹ̀kúnnù Kingston ń jó sí níta gbangba. Tí ẹ̀rọ àwọn tó ń gbé àríyá káàkiri àdúgbò bá ti dákú, ọ̀dọ̀ Tubby ni wọ́n ń sáré lọ. Nígbà tó yá, òun náà to tiẹ̀, Hometown Hi-Fi. Tí béèsì ẹ̀ bá dún, àyà èèyàn á máa mì.

Ní yàrá kékeré kan ní Waterhouse ló ti wá dá àrà. Á yọ ohùn olórin dànù, á fi ìlù àti béèsì nìkan sílẹ̀. Á tún ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, gbohùngbohùn á sì gbé e lọ. Orin yìí ni wọ́n ń pè ní dub.

Àmọ́ ìgboro tó jó sórin ẹ̀ náà ló pa á. Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kejì, ọdún 1989, bó ṣe ń tibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n yìnbọn fún un lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀. Ẹni ọdún 48 ni.

Lónìí, DJ tó bá yọ ohùn, tó fi béèsì sílẹ̀, ì báà jẹ́ ní London tàbí l'Ékòó, ọ̀nà tí Tubby là ló ń tọ̀.