Simón Bolívar àti Oore tí Hàítì Ṣe Fún Un

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí a bá ń ka ìtàn àwọn akíkanjú tí ó gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ àwọn amúnisìn, ogun tí wọ́n ṣẹ́ ni a sábà máa ń kà. Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Simón Bolívar, akọni tí ó lé ọba Spéìn kúrò ní apá púpọ̀ nínú Gúúsù Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n oore tí wọ́n ṣe fún un, àti bí ó ti san án, ni yóò jẹ wá lógún jù.

Ìlú Caracas ní ilẹ̀ Fẹnẹsúẹ́là ni a ti bí Bolívar, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, ọdún 1783. Ọmọ ọlọ́lá ni. Àwọn òbí rẹ̀ ní oko kòkó, wọ́n sì ní ẹrú. Bàbá rẹ̀ kú kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyá rẹ̀ náà sì kú ní 1792. Ẹrúbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Hipólita ni ó fún un lọ́mú. Nígbà tí Bolívar di ẹni ńlá, ó kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé kí ó tọ́jú ìyá yìí dáadáa, nítorí òun kò mọ bàbá mìíràn yàtọ̀ sí i.

Olùkọ́ kan, Simón Rodríguez, ni ó la ọmọ náà lójú. Ní 1805, àwọn méjèèjì jọ wà ní ìlú Róòmù. Níwájú olùkọ́ yìí ni Bolívar ti búra pé òun kò ní sinmi títí ẹ̀wọ̀n Spéìn yóò fi já kúrò lọ́rùn ilẹ̀ òun. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kíyè sí i: a kì í mọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa ń bọ́ sí létí.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 1811, Fẹnẹsúẹ́là kéde òmìnira, ṣùgbọ́n kí 1812 tó parí, Spéìn ti gbà á padà. Bolívar tún gba Caracas ní 1813, wọ́n sì fi orúkọ Olùdáǹdè dá a lọ́lá. Ní 1814, ó tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ni ó fà á? Òmìnira tí àwọn ọlọ́lá ń kéde kò dé ọ̀dọ̀ ẹrú tí ń ro oko kòkó wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ tálákà àti aláwọ̀ dúdú gbárùkù ti Boves, ọ̀gágun tí ń jà fún ọba Spéìn, wọ́n sì kọjú ìjà sí àwọn ọ̀gá wọn.

Bolívar sá lọ sí Jamáíkà. Ó wá ìrànlọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò rí i. Ní òpin 1815, ó forí lé Hàítì. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà, tí àwọn Nàgó, ìran Yorùbá, wà lára wọn, ni ó bá àwọn Faransé jà ní erékùṣù yìí, tí wọ́n sì kéde òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní, 1804. Alexandre Pétion, Ààrẹ wọn, gba àlejò náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún un ní ìbọn, ẹ̀tù, oúnjẹ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò béèrè owó, kò sì fẹ́ kí wọ́n kéde orúkọ òun. Ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: kí Bolívar tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ní gbogbo ibi tí ó bá ti ṣẹ́gun.

Ní oṣù Kẹta 1816, Bolívar gbéra. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, ní Carúpano, ó kéde ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i: kí àwọn ọkùnrin, láti ọmọ ọdún 14 títí dé 60, wọ iṣẹ́ ogun. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. Ó tún padà sí Hàítì lọ́wọ́ òfo. Pétion kò lé e. Ó tún ràn án lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní 1819, Bolívar kó ogun rẹ̀ gba orí àwọn òkè Andes, nínú òtútù tí ń pa ènìyàn, ó sì ṣẹ́gun ní Boyacá ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ. Ó tún ṣẹ́gun ní Carabobo ní 1821. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, 1824, Sucre, ọ̀gágun rẹ̀, fọ́ agbára Spéìn ní Ayacucho. Fẹnẹsúẹ́là, Kòlómbìà, Ẹ̀kùàdọ̀ àti Pérù di òmìnira; Bòlífíà sì jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìlérí tí ó ṣe fún Pétion ńkọ́? Bolívar tú àwọn ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n fòpin sí oko ẹrú. Àwọn aṣòfin kò gbà tán. Òfin tí wọ́n ṣe ní Cúcuta ní 1821 sọ pé ọmọ tí ẹrú bá bí di òmìnira, ṣùgbọ́n yóò sin ọ̀gá ìyá rẹ̀ títí di ọmọ ọdún 18. Ó di 1854 kí Fẹnẹsúẹ́là tó pa oko ẹrú rẹ́. Pétion ti kú láti 1818. Ní 1826, nígbà tí Bolívar pe àwọn orílẹ̀-èdè tuntun sí àpérò ní Pánámà, wọn kò pe Hàítì. Wọ́n jókòó ti àsè, ẹni tí ó yá wọn ní ìkòkò kò sí níbẹ̀.

Ìṣọ̀kan tí Bolívar lá lálàá rẹ̀ náà kò pẹ́. Kòlómbìà Ńlá tí ó dá sílẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀. Ó fi ipò sílẹ̀ ní 1830, ó sì kú nítòsí Santa Marta ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún náà, ní ọmọ ọdún 47.

A kò wí èyí láti fi tẹ́ńbẹ́lú akọni náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ṣe irú ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn Boyacá, ẹ kọ́ wọn ní ti Carúpano àti ti Pánámà pẹ̀lú. Kí wọ́n mọ̀ pé erékùṣù àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó gbé Olùdáǹdè dìde nígbà tí ó ṣubú. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá lé amúnisìn lọ, ó ku ẹrú tí ó wà lóko wa, àti ọ̀rẹ́ tí ó ràn wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìpọ́njú. Bí a bá gbàgbé àwọn wọ̀nyí, òmìnira wa kò tíì pé.