2,147,483,647: Nọ́ḿbà tó lè mú kọ̀ǹpútà ṣi ọjọ́ kà lọ́dún 2038

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2038, bí aago mẹ́rin òwúrọ̀ bá kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 7 ní Nàìjíríà àti Olómìnira Benin, òǹkà inú aago àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan yóò dé orí 2,147,483,647. Ní Ghana àti Togo, aago mẹ́ta ni yóò jẹ́. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀lé e, èyí tí a kò bá tíì tún ṣe nínú wọn yóò gbà pé ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 1901 ni a wà.

Kí ló wà nínú nọ́ḿbà yìí?

Mú ẹyọ kan, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 31. Ohun tí wàá rí ni 2,147,483,648. Dín ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, bí a ti ń dín ẹyọ kan kúrò nínú ogún kí a tó pe mọ́kàndínlógún, ó parí.

Kò sí nọ́ḿbà tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Irú èyí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní prime. Leonhard Euler, ọmọ Switzerland tó ń gbé ní Rọ́ṣíà, ló fi ìdí èyí múlẹ̀ lọ́dún 1772, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Dípò kí ó dán gbogbo nọ́ḿbà wò títí dé 46,340, ó fi hàn pé èyíkéyìí tó bá lè pín in gbọ́dọ̀ ṣẹ́ 1 tàbí 63 kù bí a bá fi 248 pín òun náà. Àwọn tó kù láti yẹ̀ wò kò tó 400. Kò sí ọ̀kan tó ṣeé ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, a kò mọ prime mìíràn tó tóbi jù ú lọ.

Báwo ló ṣe kan kọ̀ǹpútà?

0 àti 1 nìkan ni kọ̀ǹpútà fi ń kà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a fún ní àyè 32 fún nọ́ḿbà kan: ọ̀kan fún àmì tó ń sọ bóyá ó kéré sí òdo, 31 tó kù fún iye gan-an. Bí 1 bá kún gbogbo àyè 31 náà, 2,147,483,647 nìyẹn. Bí a bá fi ẹyọ kan kún un, 1 yóò bọ́ sí àyè àmì, òǹkà náà yóò sì já sí −2,147,483,648. Ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sì ni irú aago bẹ́ẹ̀ ń kà.

Lọ́dún 2014, iye ìgbà tí àwọn ènìyàn wo fídíò Gangnam Style, ti olórin Psy ọmọ Gúúsù Kòríà, kọjá nọ́ḿbà yìí. YouTube ní láti fẹ àyè òǹkà rẹ̀ sí 64. Òpin tuntun náà ni 9,223,372,036,854,775,807. (Èyí kì í ṣe prime o, 7 pín in láìṣẹ́kù.) Bí aago bá ń lo àyè 64, nǹkan bí 292 bílíọ̀nù ọdún ni yóò lò kí ó tó kún.

Ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà tuntun ló ti ń lo àyè 64. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a ti dè mọ́ inú iṣẹ́ tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í sábà ṣí wò, ló ṣòro jù. Kò sì di ọdún 2038 kí ìṣòro náà tó yọjú: báńkì tó bá ń ṣírò ẹ̀yáwó ilé ọlọ́dún 20 lónìí ti ń kọ ọjọ́ tó kọjá òpin yìí sílẹ̀.