Níbo Ni Orúkọ Ilé-Ìwé Tiwa Wà?

Yàrá pírámárì kẹrin ni wọ́n ti ń ṣèpàdé ní Ìdó-Ilé, ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Àga ọmọdé kò gba àgbàlagbà, nítorí náà ojú fèrèsé ni àwọn bàbá kan fìdí lé. Ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀, aṣojú kábíyèsí, àwọn òbí, àwọn tó ti kàwé níbẹ̀ rí. Ìgbìmọ̀ tó ń bá wọn mójú tó ilé-ìwé ni, SBMC ni wọ́n ń pè é. Owó àtúnṣe kékeré kan ti wọlé, wọ́n sì ti ná an. Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó: páànù, ìṣó, pákó, owó iṣẹ́ káfíńtà.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Páànù mélòó ni wọ́n kàn?" Ìyá kan tó ń ta gàrí ló béèrè. Ọ̀gá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìyá ò jókòó. Ó ní ká lọ kà á. Ni gbogbo wa bá jáde síta, a gbójú sókè, káfíńtà ń nawọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì dín, inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n wà. Àfìgbà tí wọ́n gbé wọn jáde kí ìyá tó gbà. Mo ti jókòó ní ìpàdé bọ́jẹ́ẹ̀tì ńláńlá tí wọ́n ti pín omi inú ike àti ìwé aláràbarà, tí kò sí ohun kan tí èèyàn lè kà bẹ́ẹ̀.

Àkọsílẹ̀ kejì, ti ìjọba, ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣí bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ sórí fóònù. Àtúnṣe ilé-ìwé pírámárì wà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀. Orúkọ ilé-ìwé ni kò sí. Wọ́n wá orúkọ Ìdó-Ilé títí. Olùkọ́ àgbà kan ló tú u fún wa. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Àbújá, kì í fún ìpínlẹ̀ lówó àfi tó bá kó iye kan náà sílẹ̀, ìdajì sí ìdajì, tí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, sì fi ètò iṣẹ́ ránṣẹ́. Inú ètò iṣẹ́ yẹn ni orúkọ ilé-ìwé máa ń wà. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ sọ̀rọ̀ nípàdé ìtagbangba tí ìjọba ń pè káàkiri ẹkùn lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì kàn ń sọ̀rọ̀ lórí àpapọ̀ owó ni. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń yan òrùlé tí wọn yóò tún ṣe.

"Ṣé a lè rí ètò iṣẹ́ ọ̀hún?"

Ó yẹ ká lè rí i. Ọdún 2011 ni òfin òmìnira ìròyìn jáde ní Àbújá, Èkìtì sì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ di tirẹ̀ lọ́dún náà. Òfin àpapọ̀ fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ méje láti fèsì.

Wọ́n kọ lẹ́tà sí SUBEB l'Ádó-Èkìtì níbẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Bàbá kan tó ti ṣe akọ̀wé ìjọba rí kọ̀ jálẹ̀: "Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tiwa, kí déètì sì hàn dáadáa. Ọjọ́ yẹn la ó ti máa ka ọjọ́ méje náà."