Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba, ṣùgbọ́n ìjọba ò mọ̀ ọ́n rí!

Bẹ́ ẹ bá dé oríta Òrù láàárọ̀ kùtù, kí aago mẹ́fà tó lù, ẹ máa rí wọn. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n á ti wé gèlè, wọ́n á wé ìgbálẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n á máa dúró de ọ̀kadà tàbí mọ́tò tó ń lọ sí Àgọ́-Ìwòyè àbí Ìjẹ̀bú-Igbó. Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ, wọ́n á ní iṣẹ́ ìjọba làwọn ń lọ. Lóòótọ́ sì ni o, nítorí ilẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n fẹ́ẹ́ lọ gbá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìjọba ni wọ́n fẹ́ẹ́ lọ fọ̀. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá wá orúkọ wọn nínú ìwé òṣìṣẹ́ ìjọba títí di alẹ́, ẹ ò ní í rí i.

Ọ̀kan nínú wọn lèmi àti ẹ̀ jọ sọ̀rọ̀. Mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní í dárúkọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, torí mi ò fẹ́ẹ́ da yẹ̀pẹ̀ sí gàrí àwọn ọmọ ẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló ti ń gbálẹ̀ ibì kan ṣoṣo yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni káàdì tó ń so mọ́rùn ti yí padà. Kọngílá àkọ́kọ́ lọ, òmíràn dé, ìyẹn náà tún lọ, ẹnì kẹta ló wà níbẹ̀ báyìí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pààrọ̀ kọngílá ni wọ́n máa ń ní kó tún fọ́ọ̀mù kọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kọ́rídọ̀ ò yí padà, iṣẹ́ ò yí padà, ẹ̀yìn tó ń dun obìnrin yìí náà ò yí padà, ṣùgbọ́n lórí ìwé, òṣìṣẹ́ oṣù mẹ́rin péré ni.

Mo bi í pé, "Ta wá lọ̀gá yín gan-an, màmá?" Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn ná. Ó ní àwọn ará ọ́fíìsì ló ń pàṣẹ fóun láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí owó oṣù ò bá wọlé, àwọn yẹn á ní kóun lọ bá kọngílá òun. Bóun bá sì pe kọngílá, ìyẹn á ní ìjọba ò tíì sanwó fóun. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Obìnrin yìí ti ń jẹ́ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì mọ ẹni tó rán òun.

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ìjọba ṣá o. Nǹkan tó fà á wà. Ta ni ò mọ ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa ń sọ, pé a kì í làágùn nídìí iṣẹ́ ìjọba? Awakọ̀, ológbà, ọlọ́dẹ, gbogbo wọn ló ń gbowó oṣù, àwọn kan sì wà tó jẹ́ ọjọ́ owó nìkan lẹ máa ń rí wọn. Lọ́dún 2003, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní monetisation. Ilé, mọ́tò àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń fún àwọn ọ̀gá ni wọ́n sọ di owó tí wọ́n ń kà fún wọn. Nígbà tó di ọdún 2006 sí 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni wọ́n dá dúró. Bí ilẹ̀ gbígbá, ẹnu ọ̀nà ṣíṣọ́ àti koríko ríro ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe nìyẹn. Wọ́n ní ìjọba á bọ́ lọ́wọ́ ẹrù, iṣẹ́ á sì dáa sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí.

Níbo wá ni nǹkan ti wọ́? Lóṣù keje, ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 77,000 làwọn máa san. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ó kan ìyá tó ń gbálẹ̀ náà. Kò kàn án dandan! Òfin owó oṣù ọdún 2019 ṣílẹ̀kùn kan sẹ́yìn. Ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò bá tó 25, òfin yẹn ò dè é. Kọngílá tó bá kó ogún obìnrin jọ ti bọ́ nìyẹn. Owó ìfẹ̀yìntì náà ńkọ́? Òfin ọdún 2014 ní ọ̀gá tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù pa mọ́ fún òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá mẹ́jọ kún un. Ẹni tó bá wá ní mẹ́rìnlá ńkọ́? Òfin òṣìṣẹ́ tún ní kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí ọ̀gá ti fún òṣìṣẹ́ níwèé tó sọ àdéhùn iṣẹ́. Oṣù kẹrin rèé, obìnrin wa l'Òrù ò rí ìwé kankan, àfi káàdì ọrùn.

Ohun tó tún burú ni bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ náà jáde. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 lórí gbígbé iṣẹ́ fún kọngílá ní, nínú àwọn tó bá kúnjú ìwọ̀n, ẹni tí owó ẹ̀ bá kéré jù ni kó gbà á. Ó dáa, kí wọ́n má baà ná owó ìlú ní ìná àpà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kọngílá ti fẹ́ẹ́ dín owó kù? Ọṣẹ ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, ìzàl ní iye tiẹ̀. Owó obìnrin tó ń gbálẹ̀ nìkan ló ṣeé gé.

Kì í ṣe pé Yorùbá ò mọ iṣẹ́ àgbàṣe. Nínú oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ tó yí Ìjẹ̀bú-Igbó ká, alágbàṣe àti olóko á jọ wo ilẹ̀, wọ́n á jọ dúnàá-dúrà, bí owó ò bá sì jáde, alágbàṣe mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn. Ẹni méjì ni. Ti ìjọba yìí, ẹni mẹ́ta ni, ẹni tó wà láàárín ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ.

Kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ló ń jìyà ẹ̀. Ẹ bi àwọn ará Èkó. Ọjọ́ pẹ́ táwọn kọngílá tí wọ́n ń pè ní PSP ti ń kó ìdọ̀tí níbẹ̀, kó tó di pé nígbà ìjọba Gómìnà Akínwùmí Ambode, wọ́n gba ìdọ̀tí inú ilé lọ́wọ́ wọn fún ilé-iṣẹ́ Visionscape. Àwọn PSP gba kóòtù lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2018, ààtàn ti kún ojú títì. Nígbà tó yá, wọ́n dá iṣẹ́ padà fún àwọn PSP lábẹ́ LAWMA.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà mọ ìgbálẹ̀ kọngílá dáadáa, torí òun lọ̀pọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ láti ọdún 1981 ni wọ́n ti ní òfin kan lọ́hùn-ún, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2006, TUPE lorúkọ ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá kúrò lọ́wọ́ kọngílá kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, òṣìṣẹ́ á tẹ̀ lé iṣẹ́ náà lọ, pẹ̀lú iye ọdún tó ti lò. Kọngílá tuntun ò lè ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ìyẹn gan-an ò tó àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ọsibítù St Mary's. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2019, nígbà tó sì di 2020, ọsibítù gbà láti sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ tiẹ̀, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Mo ròyìn òfin TUPE yìí fún obìnrin wa l'Òrù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé ọdún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n máa kà fóun, àbí wọ́n máa yọ oṣù tí wọn ò sanwó kúrò. Mi ò rí èsì fún un. Ó gbé káàdì ọrùn ẹ̀ sókè, ó fi ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i hàn mí: ìparí ọdún ló máa kú. Ọ̀kadà dé, ó gun ẹ̀yìn ẹ̀, ó gbé ìgbálẹ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Owó ara ẹ̀ ló fi rà á.