Àmù, Òṣùká àti Òjìji Ọ̀pá: Ẹ̀kọ́ Fisíìkì Láìsí Yàrá Ìwádìí

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé ní Lomé, bí fíríìjì tilẹ̀ wà nínú yàrá, àmù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ tí ó bá bu omi inú rẹ̀ mu mọ̀ pé ó tutù ju omi inú garawa oníke lọ, bẹ́ẹ̀ ni ibì kan náà ni a ti pọn méjèèjì, abẹ́ ibòji kan náà ni wọ́n sì wà. Bí a bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, yóò ní amọ̀ ni ó ń tutù. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Amọ̀ ní ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí. Omi ń gba inú wọn jáde sí ara ìkòkò, ó ń gbẹ níbẹ̀, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gba ooru lára omi tí ó kù nínú. Ohun kan náà ni ó ń mú kí òtútù mú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí ó sì bọ́ sínú atẹ́gùn.

Ẹ̀kọ́ fisíìkì nìyẹn, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní físíìsì. Nígbà tí ọmọ náà bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, èdè Faransé ni yóò ti bá a pàdé, lábẹ́ orúkọ tí kò gbọ́ rí, lórí pátákó tí ó gbọ́dọ̀ dà kọ kí agogo tó lù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé àmù ìyá àgbà rẹ̀ ni à ń wí, ó lè há gbogbo rẹ̀ sórí, kí ó gba máàkì, kí ó sì máa gbàgbọ́ síbẹ̀ pé amọ̀ ni ó ń tutù.

Àìsí irinṣẹ́ ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí kò béèrè ju ìgò ike méjì àti àkísà kan lọ. Kí a rọ omi kan náà sínú ìgò méjèèjì, kí a fi àkísà tútù wé ọ̀kan, kí a gbé wọn sí abẹ́ igi níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọwọ́ ni yóò ṣe ìdájọ́. Kí olùkọ́ má tíì ṣàlàyé ohunkóhun. Kí ó kọ́kọ́ ní kí olúkúlùkù sọ èyí tí ó rò pé yóò tutù jù àti ìdí tí ó fi rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti sọ tirẹ̀ síta kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀ títí yóò fi rí àbájáde.

Kí wọ́n tún un ṣe nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ etí òkun kún fún ọ̀rinrin, omi kì í tètè gbẹ nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tí ó ń la ètè ni ó ń mú ìgò tutù dáadáa. Ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní àríwá Nàìjíríà níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, olùkọ́ kan tí a bí sí ìdílé amọ̀kòkò, Mohammed Bah Abba, gbé ìkòkò kan sínú òmíràn, ó da iyanrìn tútù sí àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu wọn. Èso àti ẹ̀fọ́ àwọn tí kò ní iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kí wọ́n tó bàjẹ́. Ní ọdún 2000, ó gba ẹ̀bùn Rolex. Ẹni tí ó bá gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ sí etí òkun Lomé ní àsìkò òjò yóò rí i pé kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, yóò sì ti mọ ìdí rẹ̀.

Ní Assigamé, ọjà ńlá Lomé, aláàárù ń ká aṣọ ṣe òṣùká kí ó tó ru ẹrù. Ẹrù náà kò fúyẹ́ sí i. Ibi tí ó jókòó lé ni ó fẹ̀ sí i. Ọmọ tí ó bá ti fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gbé àpò ìrẹsì, tí ó sì tún fi ọ̀já gbé e, ti mọ ohun tí ìwé ń pè ní « pression » kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Èdè abínibí pẹ̀lú ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ìwé fisíìkì sọ pé agbára tí aláàárù fi gbé ẹrù dúró kò ṣe « travail » kankan nígbà tí ó bá ń rìn lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, nítorí òkè ni agbára náà kọjú sí, iwájú sì ni ẹrù ń lọ. Bí olùkọ́ bá fi « iṣẹ́ » túmọ̀ rẹ̀ láìṣàlàyé, ọmọ aláàárù yóò dìde, yóò ní irọ́ ni, òun rí òógùn ìyá òun. Kí a má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Iṣan ara ìyá rẹ̀ ń ná okun lóòótọ́. Èyí tí ó dé ara ẹrù nìkan ni fisíìkì ń kà níhìn-ín. Àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ níye lórí ju ojú ewé mẹ́wàá tí a dà kọ lọ, kò sì lè wáyé ní èdè tí ọmọ kò tíì lè fi jiyàn.

Wọ́n ti dán an wò rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní Tógò, àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1975 yan Ewe àti Kabiyè fún ilé ẹ̀kọ́. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí òbí ní Anagokomé tàbí ní Atakpamé dúró de àṣẹ kí ó tó bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè nídìí àmù.

Àyẹ̀wò kan wà tí Lomé lè ṣe tí Paris kò lè ṣe láéláé. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù kẹrin àti ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, oòrùn ń dé àtàrí ìlú náà gan-an nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán lù. Ọ̀pá tí ó dúró ṣánṣán kò ní òjìji rárá ní àkókò náà. Ní ọjọ́ kan náà ní Dapaong, ní ìpẹ̀kun àríwá Tógò, òjìji ọ̀pá mítà kan yóò tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 nígbà tí ó bá kúrú jù. Igun tí ó fún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dìgírì 4.7, èyí tí ó wọ inú òbírí dìgírì 360 ní nǹkan bí ìgbà 77. Bí a bá wọ̀n ọ́n tààrà láti gúúsù sí àríwá lórí máàpù, nǹkan bíi kìlómítà 520 ni ó wà láàrin ìlú méjèèjì. Kí a sọ 520 di ìlọ́po 77: ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 40,000, èyí sì ni àyíká ayé. Ọ̀nà yìí ni Eratosthenes gbà ní Íjíbítì ní ohun tí ó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀pá méjì, okùn tí a so òkúta mọ́ kí ọ̀pá lè dúró ṣánṣán, àti tẹlifóònù kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan tó fún un. Bí kùukùu bá bo oòrùn ní ọjọ́ náà, kí wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ kejì: òjìji ọ̀pá mítà kan ní Lomé kò ní tíì tó sẹ̀ǹtímítà kan.