Ohun Tí Ó Ń Dí Ẹ́ńjìnnì Ìgbàlódé Lọ́fun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètèmólè, olè ń mólóko. Òwe yìí ni ó ṣẹ mọ́ baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa lára ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá. Bàbá ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, mọ́tò tòkunbọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Òun ni wọ́n fi ń gbé àwa mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ olóòtú bọ̀ wá sílé láti Òkè Ọya. A kò tíì dé Jẹ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí bàbá ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tó, kò sáré. Gbogbo òkè tí a bá kàn ni ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, iná check engine sì tàn gbòò níwájú bàbá.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní púlọ́ọ̀gì ni. Wọ́n ra púlọ́ọ̀gì. Èkejì ní kọ́ìlì ni. Wọ́n ra kọ́ìlì. Ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ onírìwáyà, ní pọ́ǹpù epo ni, wọ́n tún ra ìyẹn pẹ̀lú. Owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì ti wọ ibẹ̀ kí ẹ̀kẹrin tó wí pé, "Bàbá, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Ẹ lọ ra òmíràn." Bàbá ti ń wá ẹni tí yóò ra mọ́tò náà lówó pọ́ọ́kú nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tú mánífóòdù rẹ̀ wò. Ó tú u, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì pè wá. Ohun tí a rí lọ́rùn àwọn fáàfù dà bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ti fi ń se ẹ̀wà lórí iná igi fún ọdún mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ọ̀fun rẹ̀ ni ó dí.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé mọ́tò irú ti bàbá pọ̀ lójú títì, kò sì sí nínú wa tí kò ní ìbátan tí ó ń wa ọ̀kan.

Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ènìyàn. Ó ní fáàfù tí ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ láti wọlé, ó sì ní òmíràn tí ń ṣílẹ̀kùn fún èéfín láti jáde sí sàléńsà. Àwọn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Láyé kabúrétọ̀, epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti dàpọ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu fáàfù. Nígbà tí nọ́sù gba ipò kabúrétọ̀, ẹ̀yìn fáàfù náà ni ó ń tú epo sí. Ẹni tí ó bá ti fi bẹntiróòlù fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́ rí mọ̀ pé bẹntiróòlù ń fọ nǹkan. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni epo ń wẹ ọrùn fáàfù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá rò ó pé bí a bá tú epo sínú sìlíńdà gan-an, epo díẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Èrò yìí ti pẹ́, nítorí pé Mercedes-Benz 300 SL tí ó jáde ní 1954 ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní 1996 ni Mitsubishi fi í sínú Galant ní Japan, tí kọ̀ǹpútà sì ń darí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń tàn kálẹ̀. Nọ́sù ti tẹ́lẹ̀ kò nílò ju agbára bíi bar 3 tàbí 4 lọ láti tú epo. Ti ìsinsìnyí lè lo 200, àwọn mìíràn tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Kí ẹ lè mọ bí ó ti tó, afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ sí táyà mọ́tò kékeré kò ju bar 2 àti díẹ̀ lọ. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ni ó wà nínú Hyundai Sonata 2011 àti Honda Accord 2013 tí àwọn oníṣòwò tòkunbọ̀ ń kó wọlé, àti nínú púpọ̀ àwọn Ford tí wọ́n kọ EcoBoost sí lára. Ẹni tí ó bá ń wa Corolla 2009 tàbí Camry 2010, kí ó fọkàn balẹ̀: ẹ̀yìn fáàfù ni nọ́sù tirẹ̀ ṣì ń tú epo sí.

Epo dín kù lóòótọ́, agbára sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ fáàfù ti tán, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí kò tíì tán. Níbo ni ìdọ̀tí náà ti ń wá? Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Bí pístìnnì ti ń lọ tí ó ń bọ̀, èéfín díẹ̀ ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ síbi tí ọ́ìlì wà. Èéfín yìí gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Láyé àtijọ́, ìta ni wọ́n ń jẹ́ kí ó gbà lọ. Nísinsìnyí, kí ó má baà ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́, páìpù kan ń dá a padà sọ́nà ọ̀fun kí ẹ́ńjìnnì lè jó o. Kì í dá nìkan padà. Ó ń gbé ooru ọ́ìlì lọ́wọ́. Ooru náà yóò bà lé ọrùn fáàfù tí ó gbóná, yóò yan gbẹ síbẹ̀, ẹ̀tù èéfín yóò lẹ̀ mọ́ ọn, òmíràn yóò tún bà lé e lórí. Ẹ wo ògiri ilé ìdáná ẹni tí ń dín àkàrà tà, ẹ ó mọ bí kábọ́ọ̀nù ṣe ń di ìpele lórí ìpele.

Kì í dí lẹ́ẹ̀kan náà. Lówùúrọ̀, mọ́tò yóò máa gbọ̀n fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Lẹ́yìn náà, agbára rẹ̀ lórí òkè yóò máa dín kù, yóò sì máa mísì. Epo tí ó ń jẹ yóò pọ̀ sí i, èyí sì ni ó ń dunni jù, ní ilẹ̀ tí lítà bẹntiróòlù ti kúrò ní nǹkan bí ₦185 tí ó bọ́ sí nǹkan bí ₦500 nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí ó sì ti gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ kábọ́ọ̀nù, wọn á ra oògùn inú ìgò, wọn á dà á sínú táńkì epo. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu oògùn náà. Èyí tí ó dára ń fọ ẹnu nọ́sù àti inú sìlíńdà. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa rò ó. Ohun tí a dà sínú táńkì, ọ̀nà epo ni yóò bá lọ. Ọ̀nà epo kò sì gba ẹ̀yìn fáàfù kọjá mọ́. Ẹsẹ̀ ni ó ń dunni, orí ni a ń fi oògùn pa. Bákan náà ni àwọn tí ó ní kí a sáré àsápajúdé lọ́nà márosẹ̀ kí kábọ́ọ̀nù lè jó dànù. Eré lè tún inú sìlíńdà ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fáàfù kì í sábà gbóná tó èyí tí yóò jó o kúrò.

Ọ́ìlì ni kí a mójú tó. Ìwé tí ó bá mọ́tò wá máa ń sọ irú èyí tí ó ń fẹ́, bíi 0W-20 tàbí 5W-30. Àṣà kan wà lọ́dọ̀ wa pé ilẹ̀ wa gbóná, nítorí náà kí a da 20W-50 sí gbogbo ẹ́ńjìnnì. Àwa kò fara mọ́ ọn rárá. Kí ẹ wo ara ike ọ́ìlì bóyá wọ́n kọ API SP sí i, ìyẹn òṣùwọ̀n tí ó jáde ní 2020 tí ó ro ti irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ìdánwò kan wà tí à ń pè ní Noack: wọn á fi ọ́ìlì sínú ooru 250°C fún wákàtí kan, wọn á sì wọn iye tí ó fẹ́ lọ. Fún ọ́ìlì 0W-20 tàbí 5W-30 tí ó bá gba àmì ILSAC GF-6, ìdá 15 nínú 100 ni ó pọ̀ jù tí ó gbọ́dọ̀ fẹ́ lọ. Èyí tí ó bá fẹ́ lọ díẹ̀ ni kò ní rí púpọ̀ gbé bá fáàfù. Ọ́ìlì tí wọ́n ń bù tà nínú garawa, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí mọ́tò kò lọ, àwa rí i pé 5,000 kìlómítà ti tó láti pààrọ̀ ọ́ìlì, ohun yòówù tí wọ́n kọ sára ike. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ kọjá àmì orí ọ̀pá ìwọ̀n. Mẹkáníìkì tí ó ní "díẹ̀ sí i kò burú" ń fi kún ooru ọ́ìlì tí yóò gòkè ni. Fáàfù kékeré kan tún wà lórí páìpù tí èéfín ọ́ìlì ń gbà padà, PCV ni orúkọ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́, ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì yóò máa fà mu. Kí ẹ ní kí wọ́n wò ó nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ fílítà.

Toyota ní tiwọn rí ọgbọ́n mìíràn dá láti 2005: wọ́n fi nọ́sù méjì sí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn fáàfù kí ìwẹ̀ má baà tán. Camry 2018 ní in.

Bí ó bá ti dí ná ńkọ́? A ó tú mánífóòdù, a ó sì fọ ọ́ ni. Lókè òkun, wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ èèpo walnut lílọ̀ lù ú, nítorí pé ó le tó láti họ kábọ́ọ̀nù, kò sì le tó láti ha irin. Kì í ṣe àwùsá tiwa o, igi wọn yàtọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò ní ẹ̀rọ yẹn. Oògùn ìfọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ni ó lò, odindi ọjọ́ kan ni ó sì gbà á. Kí ó tó fọwọ́ kan sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ó kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù ibẹ̀ fi pa dé pátápátá, nítorí pé bí èérún kábọ́ọ̀nù líle bá já sínú sìlíńdà, ó lè ha á. Bàbá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, wọ́n ń ka fáàfù bí ó ti ń mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.